Àìsàn Tí Kì Í Pani, Ìdánwò Tó Le Jù Ló Yẹ Oògùn Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu gbogbo ayé nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sọ nípa obìnrin tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀. Àwọn dókítà kan ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta oògùn ń sọ ọ́, àwọn obìnrin tí nǹkan náà ń ṣe gan-an ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Wọ́n ní àìsàn yìí kì í pani. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ṣe àrùn ọkàn, kí wá ni gbogbo ariwo ìdánwò oògùn ọlọ́dún gbọọrọ wà fún? Bí oògùn bá ti wà tó ń dín in kù, kí wọ́n gbé e síta kí àwọn obìnrin rí nǹkan lò. Bí obìnrin bá sì lò ó tó rí i pé aṣọ òun kò tutù mọ́, ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?

Wọ́n ti sọ ọ́ títí, ó ti wá ń dún bí òótọ́. Irọ́ ni. Nítorí pé àìsàn náà kì í pani gan-an ni oògùn rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gba ìdánwò tó le ju ti ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn lọ. Ohun tí ojú àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti rí láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti fi í hàn gbangba.

Irú ìtọ̀ jíjá tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé nìyí: obìnrin wúkọ́, ó sín, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé korobá omi, ó fẹ́ sáré bá ọkọ̀, ìtọ̀ sì já. Kì í ṣe irú èyí tí ìtọ̀ á gbọ̀n ènìyàn débi pé kò ní lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oògùn ìyẹn yàtọ̀. Kì í sì í ṣe ti ihò tí ìrọbí tó pẹ́ jù máa ń dá sáàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, tí ìtọ̀ fi ń ṣàn tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ abẹ ló ń tún ìyẹn ṣe. Níbí, iṣan tó ń fún ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ pa àti àwọn iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró nísàlẹ̀ ikùn ló ti dẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìbímọ, nígbà mìíràn bí ọjọ́ orí ti ń gòkè. Bí ikùn bá ti tì í lójijì, ẹnu ọ̀nà náà kò lè pa dé.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí obìnrin bẹ́ẹ̀ ń fojú rí tí yóò pè é ní nǹkan kékeré. Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ lọ sóde. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, àlùwàlá rẹ̀ bàjẹ́ kí ó tó parí ìrun. Wọ́n pè é sójú agbo níbi ìnáwó, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kì í mu omi kó tó jáde nílé, páàdì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ báàgì níbi tí ọmọ tàbí ọkọ kò ti ní rí i.

Nítorí náà, àwọn tó ń fẹ́ kí oògùn tètè jáde kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ìkà. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bá fi dán oògùn wò, ọdún mẹ́wàá ìtìjú ni fún obìnrin tó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní ẹni tí nǹkan ń ṣe ló mọ̀ ọ́n jù, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá a sọ bóyá ara òun gbẹ tàbí kò gbẹ. Wọ́n ní kí wọ́n fún ìdajì àwọn obìnrin tó wá gba ìtọ́jú ní hóró òfìfo, hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, ìyànjẹ ni. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń dán wò fún un kì í ṣe àjèjì, àwọn dókítà ti ń lò ó fún àìsàn mìíràn tipẹ́. Wọ́n sì ní ohun tó kù fún obìnrin tí kò bá rí oògùn ni ọ̀bẹ, ta ló sì fẹ́ kí wọ́n la òun lábẹ́ nítorí ìtọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó dúró nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú ti ẹ̀rí obìnrin fúnra rẹ̀. Nínú ìdánwò irú oògùn yìí, obìnrin máa ń ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́ tó fi ń kọ gbogbo ìgbà tí ìtọ̀ bá já sílẹ̀, ọjọ́ dé ọjọ́. Wọ́n tún lè wọn páàdì rẹ̀. Ìlànà kan wà fún èyí tí àwọn onímọ̀ ìtọ̀ káàkiri ayé mọ̀ dáadáa. Obìnrin á wọ páàdì gbígbẹ tí wọ́n ti wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, á mu omi ìdajì lítà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn náà á rìn fún ìdajì wákàtí, á gun àtẹ̀gùn, á sì tún sọ̀ ọ́. Á jókòó, á dìde, nígbà mẹ́wàá. Á wúkọ́ kíkankíkan nígbà mẹ́wàá. Á sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan. Á bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan kékeré nílẹ̀ nígbà márùn-ún, á wá fọwọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á gba páàdì náà, wọ́n á tún un wọ̀n. Bó bá ti fi ju gíráàmù kan lọ wúwo sí i, ìtọ̀ ti já.

Irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dán duloxetine wò, oògùn tí ilé iṣẹ́ Eli Lilly ti ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀. Àbájáde ìdánwò kan jáde ní 2003. Obìnrin 683 ní Àríwá Amẹ́ríkà ló kópa. Lára àwọn tó lo oògùn náà, iye ìgbà tí ìtọ̀ ń já fi ìdá 50 nínú 100 dín kù. Ìdajì gbáko! Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò pàtẹ́wọ́. Àwọn tó gbé hóró òfìfo mì ńkọ́? Tiwọn náà fi ìdá 27 nínú 100 dín kù. Lọ́dún kejì ni àbájáde ti obìnrin 458 jáde, láti Brazil, Argentina, South Africa, Ọsirélíà, Spain, Finland àti Poland. Oògùn fi ìdá 54 dín in kù. Hóró òfìfo fi ìdá 40 dín in kù.

Ẹni tó gbà pé ẹ̀rí obìnrin kan ṣoṣo tó, kí ni yóò sọ fún obìnrin tó gbé hóró òfìfo mì tó sì búra pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lára òun? Kò purọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ dín kù lóòótọ́. Ìgbà tí nǹkan náà le jù ló wá forúkọ sílẹ̀, kò sì sí bí kò ṣe ní rọlẹ̀ díẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́ jẹ́ kí ó máa ṣọ́ra: ó ń tọ̀ kí ó tó jáde, ó dín tíì mímu kù, ó ń fún ara pọ̀ bí ikọ́ bá fẹ́ gbé e. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún tó ti pẹ́. Gbogbo èyí ń ranni lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ti inú hóró wá nínú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti àwọn tó gbé hóró òfìfo mì, gbogbo ìdá 54 yẹn ni wọn ì bá kà sí iṣẹ́ oògùn. Àwọn ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ìdá 14 péré ló ṣẹ́kù tí oògùn lè pè ní tirẹ̀.

Wọ́n ní ìyànjẹ ni hóró òfìfo. Nínú ìdánwò ti obìnrin 683 yẹn, ìdá 24 nínú 100 àwọn tó ń lo duloxetine ló pa á tì nítorí ohun tí ó ń fi ara wọn ṣe, èébì tó ń gbé wọn ló sì wọ́pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo hóró òfìfo, ìdá 4 ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé pé èyíkéyìí nínú méjèèjì lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ta wá ni wọ́n yàn jẹ níbẹ̀?

Bí ẹ̀rí obìnrin kan kò bá tó, wọ́n á yí ohùn padà, wọ́n á ní ìrírí dókítà tó ti fún ọ̀pọ̀ obìnrin lóògùn ńkọ́? Ìtàn estrogen ni ìdáhùn, ó sì yẹ kí gbogbo obìnrin mọ̀ ọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi ń fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ní hóró estrogen nítorí ìtọ̀ tó ń já. Àlàyé wọn dán mọ́rán: bí nǹkan oṣù bá dúró, estrogen inú ara á fà sẹ́yìn, awọ tó yí ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ ká á sì fẹ́lẹ́, bí wọ́n bá dá a padà, awọ á tún nípọn, ọ̀nà á sì dí. Dókítà gbà á gbọ́, obìnrin gbà á gbọ́, àwọn kan sì jẹ́rìí pé ara àwọn ti bọ̀ sípò.

Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e dojú kọ hóró òfìfo. Ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní HERS kó obìnrin 2,763 jọ. Àwọn 1,525 nínú wọn ni ìtọ̀ ti ń já lára wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2001. Lára àwọn tó ń lo hóró estrogen pẹ̀lú èkejì rẹ̀, progestin, ìdá 39 nínú 100 ni nǹkan burú sí i fún. Lára àwọn tó ń lo hóró òfìfo, ìdá 27 ni. Àwọn tí ara wọn sàn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo hóró òfìfo ju ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo oògùn lọ. Ní 2005, ìdánwò Women’s Health Initiative tó kó obìnrin tó lé ní 27,000 jọ, láti ẹni àádọ́ta ọdún dé ẹni ọdún 79, fi èdìdì dì í. Nínú àwọn tí ìtọ̀ kì í já lára wọn rárá nígbà tí wọ́n wọlé, hóró estrogen sọ ewu kí ó máa já bí wọ́n bá wúkọ́ tàbí rẹ́rìn-ín di nǹkan bí ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan.

Oògùn tí wọ́n ń fún obìnrin kí ìtọ̀ má baà já ló ń jẹ́ kí ó já.

Kí ló dé tí dókítà kò fi rí i? Báwo ni yóò ṣe rí i? Obìnrin tí nǹkan bá burú sí i fún, ọjọ́ orí ni wọ́n á dá lẹ́bi. Èyí tó bá sàn, oògùn ni wọ́n á yìn. Bí dókítà fi ogún ọdún rí irú wọn, ogún ọdún ló fi máa kó ẹ̀rí tí kò tọ́ jọ. Ohun tó sì yẹ kó dun ènìyàn jù níbẹ̀ ni pé HERS kì í ṣe ìdánwò ìtọ̀. Nítorí àrùn ọkàn ni wọ́n ṣe é. Ìbéèrè ìtọ̀ kàn bá a rìn ni. Kò sẹ́ni tó ka ìtọ̀ obìnrin sí débi pé kí ó náwó ńlá bẹ́ẹ̀ lé e lórí fún ara rẹ̀, nítorí wọ́n ní kì í pani.

Àwọn tó ń sọ pé oògùn tí ayé ti mọ̀ kò nílò ìdánwò tuntun, kí àwọn náà gbọ́ ti phenylpropanolamine. Oògùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa nígbà náà ni. Inú oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn ló wà, inú oògùn àwọn tó fẹ́ fọn ló wà, ẹnikẹ́ni ló lè rà á láìsí ìwé dókítà. Nítorí pé ó máa ń mú ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ le, àwọn dókítà ń kọ ọ́ fún àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń já lára wọn. Ní 2000 ni àwọn olùwádìí ti Yunifásítì Yale tẹ àbájáde wọn jáde pé lára àwọn obìnrin tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún tó ń lò ó láti fọn, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dà lọ́pọlọ tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ kó o kúrò lórí àtẹ. Ìtọ̀ tó ń já kì í pani, òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dà lọ́pọlọ ń pani. Kí ni ẹni tó fi èkejì dán ara rẹ̀ wò nítorí àkọ́kọ́ rí gbà?

Síbẹ̀, duloxetine ni ó tú gbogbo àṣírí.

Wọ́n kọ́kọ́ rí agbára rẹ̀ lára ológbò. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní Onuf, níbi tí iṣan tó ń fún ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ pa ti ń gba àṣẹ. Duloxetine ń jẹ́ kí kẹ́míkà inú ara méjì, serotonin àti noradrenaline, pẹ́ sí i láàárín àwọn ẹ̀yà ara tó ń gbé àṣẹ náà, àṣẹ á sì le sí i, iṣan á fún un pa dáadáa. Serotonin àti noradrenaline kan náà ló wà nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi tún jẹ́ oògùn ìsoríkọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìsoríkọ́ pẹ̀lú orúkọ Cymbalta. Nínú oṣù kan náà ni Yúróòpù fọwọ́ sí i fún ìtọ̀ tó ń já lára obìnrin pẹ̀lú orúkọ Yentreve. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, Lilly gba ìwé tó fi bẹ̀bẹ̀ fún ti ìtọ̀ padà lọ́wọ́ FDA.

Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kánjú gbọ́ á ní obìnrin Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ohun rere dù. Nínú ọdún náà, FDA sọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n ń tọ́pa àwọn obìnrin tó ń lo duloxetine nítorí ìtọ̀, iye àwọn tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn tó 400 bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ lórí obìnrin 100,000 fún ọdún kan. Láàárín àwọn obìnrin yòókù tí ọjọ́ orí wọn bá tiwọn mu, nǹkan bí 150 sí 160 ni.

Kí ẹni tó ń kà á dúró níbẹ̀ ná. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò wá gba ìtọ́jú ìsoríkọ́. Ìtọ̀ ló gbé wọn wá. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí ìsoríkọ́ ń ṣe ni, wọn ì bá ní àìsàn ló ṣe é. Kí ni wọ́n fẹ́ pe ti àwọn wọ̀nyí?

Ìdáhùn kan wà, àwọn tó fẹ́ràn oògùn náà sì ń fi í dáhùn dòní: wọ́n ní apá ìdánwò tí kò sí hóró òfìfo mọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀, gbogbo obìnrin ibẹ̀ ló ń lo oògùn, nítorí náà kò sí ẹni tí wọ́n lè fi wọ́n wé níbẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fà á? Ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni àwọn tó ń lo oògùn àti àwọn tó ń lo hóró òfìfo fi wà pọ̀ nínú àwọn ìdánwò ńlá náà. Oògùn tí kì í wo àìsàn sàn, tó jẹ́ pé bí obìnrin bá dá a dúró ìtọ̀ á tún máa já, oògùn ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Nígbà tí ohun ẹ̀rù wá yọjú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn kò ní ẹni tí wọ́n máa fi wé e. Àìtó ìdánwò ló dá iyèméjì yẹn sílẹ̀. Kò lè di àwáwí fún àwọn tó ní ìdánwò ti pọ̀ jù.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn tí Yúróòpù fọwọ́ sí i ni àwọn olùwádìí kan ní Copenhagen, Emma Maund, Louise Schow Guski àti Peter Gøtzsche, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Wọn kò wo àkópọ̀ tí ilé iṣẹ́ oògùn ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Ìwé ìdánwò fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Yúróòpù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìwé, lórí ìdánwò mẹ́rin tó kan obìnrin 1,913. Bí obìnrin mẹ́jọ bá lo oògùn náà, ọ̀kan péré ló ń rí ìyàtọ̀ gidi tí hóró òfìfo kò lè fún un. Bí méje bá lò ó, ọ̀kan ń pa á tì nítorí ohun tó ń fi ara rẹ̀ ṣe. Nínú méje yẹn kan náà, ó ń da ọ̀kan láàmú: kò róorun sùn, àyà rẹ̀ ń já, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ìpinnu wọn ni pé ìpalára rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Kò sì sí ìgbìyànjú ìpara-ẹni kankan nínú ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá bí àwọn kan ti ń fẹ́, ta ni ì bá mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀mí àwọn obìnrin wọ̀nyí?

Ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú débi pé ó ku oṣù mẹ́fà fún un lè sọ pé kí wọ́n fún òun ní oògùn tí wọn kò tíì mọ̀ tán. Ohun tó lè pàdánù kò pọ̀ mọ́. Obìnrin ẹni ogójì ọdún tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ ní ọdún tó pọ̀ níwájú, ọmọ tó ń tọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọpọlọ tó jí pépé. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé ka orí òṣùwọ̀n. Kí ni wọ́n máa gbé sí apá kejì? Kí iye ìgbà tí ìtọ̀ ń já lọ́sẹ̀ kan dín díẹ̀ kù? Ó ṣeé ṣe kí obìnrin kan sọ pé èyí tó òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ báwo ni yóò ṣe yàn bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wọn apá méjèèjì fún un?

Ti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọ̀bẹ ṣe léṣe. Láti àárín àwọn ọdún 1990 lọ ni wọ́n ti ń fi àwọ̀n oníke tẹ́ abẹ́ ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ kí ó lè gbé e ró. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan lè gba àṣẹ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bó bá ti lè fi hàn pé ó jọ èyí tó ti wà lórí àtẹ tẹ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí àwọ̀n TVT ní 1998, wọ́n ní ó jọ ProteGen ti ilé iṣẹ́ Boston Scientific. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó ProteGen fúnra rẹ̀ kúrò lọ́jà nítorí ìpalára tó ń ṣe fún àwọn obìnrin. TVT àti àwọn tó tún gba àṣẹ nípasẹ̀ rẹ̀ ń tà lọ ní tiwọn. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n ní kí wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ abẹ alàwọ̀n yìí dúró ná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Baroness Cumberlege tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2020, ìrora tó wà nínú rẹ̀ pọ̀: obìnrin tí kò lè rìn dáadáa mọ́, tí kò lè bá ọkọ sùn mọ́, tí àwọn dókítà sì ń sọ fún un pé inú orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Èyí kì í ṣe ẹ̀rí pé kí wọ́n yára gbé hóró jáde. Ohun tí ìkánjú ń dá sílẹ̀ gan-an nìyí. Ṣé nítorí pé wọn kò dán àwọ̀n wò tó ni kí wọ́n má dán hóró wò tó?

Ọ̀rọ̀ àkókò tí wọ́n ń sọ náà kò lágbára. Obìnrin kò jókòó lásán kí ìdánwò tó parí. Láti 1948 ni Arnold Kegel, dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé lórí bí obìnrin ṣe lè máa kọ́ iṣan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀: kí ó fún un pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ àti ìsó dúró, kí ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, kí ó tú u sílẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí ó ṣe é nígbà mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Wọ́n sì ti dán èyí wò dáadáa. Àkópọ̀ ìdánwò 31 láti orílẹ̀-èdè 14, tó kan obìnrin 1,817, jáde ní 2018. Lára àwọn tí ìtọ̀ ń já bí wọ́n bá wúkọ́, ìdá 56 nínú 100 àwọn tó kọ́ iṣan wọn ló sọ pé ó ti tán. Lára àwọn tí wọn kò fún ní ìtọ́jú, ìdá 6 ni. Kò lówó nínú, kò lé oorun lọ, kò sì gbé èrò ikú síni lórí. Ìdánwò líle kan náà tí wọ́n ń kùn sí ló jẹ́ ká mọ èyí pẹ̀lú. Ní 2019, NICE ní kí duloxetine má ṣe jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún obìnrin.

Ewu ọ̀rọ̀ yìí tún pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ kẹ́míìsì, tó ń ra ohun tí aládùúgbò ní ó ran òun lọ́wọ́, bó ṣe wọ́pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Kò sí ìwé kékeré tó ń kọ ọ́ sí. Kò sí nọ́ọ̀sì tó ń bi í bóyá ó ń sùn. Bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lóṣù kẹrin, wọ́n á wá ẹni tó ń ṣe é nínú ìdílé. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò mìíràn ju ìdánwò tí wọ́n ti ṣe kí oògùn náà tó kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é.

Kí wọ́n má ṣe fún obìnrin tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ ní oògùn kankan àfi èyí tí wọ́n ti gbé dojú kọ hóró òfìfo fún ọdún kan gbáko, ó kéré tán, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kí wọ́n bi gbogbo obìnrin inú ìdánwò náà léèrè nípa oorun rẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ àti èrò ikú, kí wọ́n má dúró kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. Kí wọ́n fi oògùn náà wé iṣan kíkọ́, kì í ṣe òfìfo nìkan. Kí gbogbo ojú ìwé àbájáde rẹ̀ wà níta kí hóró kan tó dé orí àtẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dúró fún ọdún méjìlá kó tó rí i kà. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó gbé oògùn rẹ̀ sílé.